Ìlà Kan Tí Ó Kù Lórí Wàláà

Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n pe Kafilath fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí iṣẹ́, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ohùn sì kú mọ́ ọn lọ́fun. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan, wọ́n bi í ní orúkọ rẹ̀, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé orúkọ ará ọ̀nà ni wọ́n ń béèrè. Ní ìgbà kejì, ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan, ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ni ó jáde. Wọ́n ní kí ó lọ mu omi, kí ó má sì padà. Ìgbà kẹta ni ó burú jù: ó sunkún. Ọmọbìnrin tí ó gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì nínú èdè Faransé, tí Nàgó jẹ́ èdè ìyá rẹ̀, tí ó sì ń sọ Gun bí ọmọ onílé, sunkún níwájú ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń yọ́jú wo aago. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, ilé ọkọ ni yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù.” Ojú ti Kafilath. Bí ayé bá tọ́ ni, ọkùnrin yẹn ni ojú ìbá tì.

Ẹ̀rù kì í ṣe ohun ìyanu níbi tí wọ́n bá ti ń fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò. Àtẹ́lẹwọ́ a máa làágùn, àyà a máa já, orúnkún a máa gbá ara wọn. Èyí mọ níwọ̀n. Ti Kafilath kò mọ níwọ̀n. Bí ó bá ti jókòó, adùn kan yóò kọ́kọ́ gun ìdí ahọ́n rẹ̀ wá, adùn tí ó korò lẹ́yìn, bí tàdáwà, aró dúdú tí àwọn ọmọ ilé-kéwú fi ń kọ̀wé. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó jókòó láàárín ìgbìmọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa ojú dà. Irùngbọ̀n yóò rá, awò ojú yóò rá, ojú Yasmina ni yóò sì yọ: Yasmina ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ilẹ̀ ti mu ní òkè òkun. Ètè rẹ̀ yóò so pọ̀ mọ́ra bí etí aṣọ tí télọ̀ rán. Kò ní bínú, kò ní sunkún. Yóò kàn máa wo àbúrò rẹ̀. Ọ̀fun Kafilath yóò sì pa dé, bí ilẹ̀kùn tí ẹnìkan tì láti ìta.

Gbogbo àdúgbò wọn ní Àjàṣẹ́ ni ó mọ ẹnu Yasmina. Nígbà tí àwọn alágbàtà wá ń kó ọmọbìnrin lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ìbéèrè tí wọ́n bi í, ó dáhùn bí ẹni ń da àgbàdo fún adìyẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì mú un gba ẹnubodè Kraké kọjá. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wí fún un pé ó dàbọ̀. Àpò aṣọ rẹ̀ nìkan ni ó bọ̀. Wọ́n ní àìsàn kan ni. Wọ́n ní àwọn ti sin ín. Ọmọ Nàgó kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé kejì ni ó wá sọ lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, pé ikùn ń dun ún.

Láti ìgbà náà, ìyá kò wí fún ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀ mọ́. Bí Kafilath bá ní, “Màmá, mo ń lọ o,” yóò ní, “Mo gbọ́,” yóò sì kọjú sí ògiri. Àwọn ènìyàn kò sì yé pè é ní Ìyá Yasmina, nítorí orúkọ àkọ́bí ni a fi ń pe abiyamọ. Ọmọ náà ì báà wà láyé, kí ó má sí láyé.

Síbẹ̀, ìyá ń gbìyànjú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pe Kafilath, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé ife hàntú wọlé, omi ọ̀rọ̀ mímọ́ tí a fọ̀ kúrò lára wàláà. Ìyá a ní, “Àfáà Bouraïma ni ó ṣe é, kí àyà rẹ lè balẹ̀.” Kafilath a kúnlẹ̀, a fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, a mu ún tán.

*

Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oorun ti kó àwọn ará ilé lọ, ọwọ́ kan nà sókè àjà yàrá, ó sì gbé pátákó pẹlẹbẹ kan sọ̀kalẹ̀. Wàláà ọmọ kéwú ni. Aṣọ funfun ni a fi wé e, bí a ti ń wé òkú.

Ọwọ́ náà tú aṣọ. Ìlà mẹ́rin ni ó ti wà lára igi náà rí. Ìka tí ó kọ ọ́ ti di erùpẹ̀. A ti fọ mẹ́ta nù. Ìlà kan ṣoṣo ni ó kù, ó dúdú kirikiri, ó tutù bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ ọ́.

Ní àgbàlá, tẹlifóònù dún. Ohùn ọmọbìnrin kan sì bú sókè fún ayọ̀: “Wọ́n tún pè mí o! Wọ́n tún pè mí!”

Ọwọ́ tí ó di wàláà mú yára fi aṣọ funfun wé e padà.

*

Ilé ìwòsàn kan ní Kútọnu ni ó pè é. Ògbufọ̀ ni wọ́n ń wá: ẹni tí yóò dúró láàárín dókítà tí kò gbọ́ ju Faransé lọ àti ìyá arúgbó tí kò gbọ́ ọ rárá, kí a lè mọ ibi tí ó ń dùn ún kí ẹ̀mí tó bọ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí Kafilath ti wá, èyí nìkan ni ó lá àlá rẹ̀. Bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ orí tí ìjọba fi ṣe òpin fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò kọjá lórí rẹ̀ kí ọdún tó yí.

Tàńtí Nimatou, àbúrò bàbá rẹ̀ tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Ouando, kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ó tó dé. Ó fa àpótí kan sí àárín àgbàlá, ó jókòó lé e, ó fi awò ojú sí orí imú.

“Ẹ jókòó, Madamu. Èmi ni ọ̀gá pátápátá. Kí ni ẹ lè ṣe fún wa tí ẹlòmíràn kò lè ṣe?”

Kafilath dáhùn. Ó dáhùn ní Faransé, ó tún un sọ ní Gun, ó parí rẹ̀ ní Nàgó, láìkọsẹ̀, láìfi ọwọ́ nu ojú. Tàńtí bọ́ awò ojú sílẹ̀.

“Ìwọ tí o bá mi ná aṣọ ní Ouando títí ọlọ́jà fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o máa lọ! Ẹnu yìí kan náà ni ó ń kú níwájú àwọn onítáì? Rárá o. Kì í ṣe ojo. Wọ́n dì ọ́ ni.”

Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ìyá ní, “Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ má dẹ́rù ba ọmọ. Ìtìjú ni. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í wojú àgbà.”

“Ìyàwó wa, àwọn àgbà tí kò wo ojú wọn ni kò gbà á síṣẹ́.” Tàńtí fi àgbọ̀n nà sí òdìkejì àgbàlá, níbi tí Ìyá Samia, aládùúgbò wọn, ń din àkàrà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, tí ó ń fi ẹnu na ewúrẹ́ gbogbo àdúgbò. “Ọmọ ta ni ó ti wà nílé láti ọjọ́ yìí tí kò ríṣẹ́? Ta ni a jọ ń pọnmi ní kànga kan? N kò dárúkọ o. Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ.”

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé.

*

Avrankou ni Tàńtí mú Kafilath lọ, sí ọ̀dọ̀ Akambi oníṣègùn, lábẹ́ oòrùn tí kò jẹ́ kí òjìji ẹnikẹ́ni ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ ahéré rẹ̀ ni ẹyẹ ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń pa fìtílà. Wọ́n bá Akambi níbi tí ó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Kò béèrè orúkọ. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí Kafilath.

“Mí sí i.”

Kafilath mí sí i. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ náà sí imú, ó sì yára fi iyanrìn wẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí iná jó.

“Ta ni ó kú nílé yín tí kò tíì sinmi?”

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Kafilath wí.

“Òun ni ó ń mí lẹ́nu rẹ. Ẹnìkan ń bu ìdákẹ́ rẹ̀ fún ọ mu. Ó ṣẹ́ ku ẹ̀kan. Bí o bá mu ẹ̀kan yẹn, kì í ṣe iwájú àwọn tí ń gbani síṣẹ́ nìkan ni ìwọ kò ti ní lè sọ̀rọ̀ mọ́.”

Ó wọ inú ahéré, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, àdó kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí a fi ìda dí lẹ́nu, tí òwú dúdú sì yí lọ́rùn.

“Rì í mọ́lẹ̀ lẹ́bàá kànga yín. Ẹni tí ó bá tún fa omi níbẹ̀ láti fi dì ọ́, ohùn tirẹ̀ ni yóò bá omi lọ. Ohùn fún ohùn.”

“Bàbá,” ni Kafilath wí, “bí ẹni náà kì í bá ṣe ọ̀tá ńkọ́?”

Ìgbà náà ni Akambi ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó lójú. “Ọ̀tá kì í mọ ọ̀nà ìdí ahọ́n. Ẹni tí ó ń bọ́ ọ ni ó mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ ò rí i!” Tàńtí Nimatou pàtẹ́wọ́. “Àkàrà! Àkàrà tí Ìyá Samia gbé wá lọ́dún iléyá! Mo sọ fún ọ pé kí o má jẹ ẹ́.”

Akambi padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, Kafilath gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá kànga, ó ri àdó náà mọ́lẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, ojú Ìyá Samia ni ó ń tẹ̀.

*

Ọ̀sán. Okùn kànga dún, korobá gòkè. Omi wọ inú àwo funfun.

Ọwọ́ náà tẹ́ wàláà sí orí ẹsẹ̀. Ìka kan tẹ ìlà tí ó kù, ó dúró lórí rẹ̀ pẹ́ títí, bí ẹni ń pa ọmọ lójú dé. Lẹ́yìn náà ni ó fọ̀ ọ́. Tàdáwà náà tú bí èéfín nínú omi, ẹnu tí a kò rí sì ń wí jẹ́jẹ́:

“A pe òkú ní òwúrọ̀, kò jẹ́. A pe òkú ní ìrọ̀lẹ́, kò jẹ́. Bí wọ́n bá bi í, kí ó má dáhùn. Bí wọ́n bá pè é, kí ó má jẹ́. Kí wọ́n wò ó, kí wọ́n má fẹ́ ẹ. Òkú kì í dá...”

Ọ̀rọ̀ náà gé. Ẹnu náà tún un bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn ni ó jáde. Ó fẹ́ pe orúkọ Ọlọ́run, atẹ́gùn ni. Omijé kán sínú àwo, ó sì dà pọ̀ mọ́ omi dúdú náà.

Ọwọ́ náà sì da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò.

*

Láti àárọ̀ ni Kafilath ti ń dẹtí. Ó fẹ́ gbọ́ bí ohùn Ìyá Samia yóò ṣe kú. Kí a má purọ́, inú rẹ̀ ti ń dùn sílẹ̀. Ọyẹ́ mú ọ̀run ṣókùnkùn, eruku bo ewé mángòrò.

“Ẹran burúkú!” Ohùn kan bú jáde ní òdìkejì àgbàlá, ó lágbára tó láti já ọ̀pẹ lulẹ̀. “Ìwọ ewúrẹ́ aláìníyàá! Ṣé bàbá rẹ ni ó gbin ẹ̀wà mi?”

Ohùn Ìyá Samia pé pérépéré. Kafilath kò tíì parí ìyanu rẹ̀ tí ó fi gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí kò ju ìró ewé gbígbẹ lọ.

“Kafi.”

Ìyá rẹ̀ ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ di ọ̀fun mú.

“Màmá, kí ni ó ṣe ohùn yín?”

“Ọyẹ́ ni,” ni ìyá wí, ètè rẹ̀ nìkan ni ó sì wí i.

Òtútù mú Kafilath láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọyẹ́ ni. Ó ń sọ ọ́ lọ́nà títí ó fi dé ilé Àfáà Bouraïma, ẹni tí ó kọ́ òun àti Yasmina ní kéwú. Oyin ni ó fẹ́ gbà fún ọ̀fun ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí àgbà náà, ó ní, “Àfáà, ẹ ṣeun fún àwọn hàntú tí ẹ ń ṣe fún mi.”

“Hàntú wo?”

“Èyí tí Màmá ń gbà lọ́wọ́ yín, kí àyà mi lè balẹ̀ níwájú àwọn tí wọ́n ń gbani síṣẹ́.”

Àgbà náà yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò lábẹ́ agbádá. Ó ń gbọ̀n bí ewé kókò nínú òjò. “Láti ọjọ́ tí àrùn ti mú ọwọ́ yìí, n kò lè kọ álífù kan, ọmọ mi. Ìyá rẹ kò gba nǹkan lọ́wọ́ mi rí, àfi wàláà ẹ̀gbọ́n rẹ. Nígbà tí a gbọ́ ikú rẹ̀, mo gbé e fún un. Ẹ̀kọ́ tí Yasmina kọ kẹ́yìn ṣì wà lára rẹ̀. Mo ní kí ó fọ̀ ọ́ sí ìdí igi kan, kí ọmọ náà lè sinmi.” Ó wo Kafilath. “Ṣé ó fọ̀ ọ́?”

Kafilath fi ọwọ́ bo ẹnu. Adùn tàdáwà náà ti gun ìdí ahọ́n rẹ̀ wá.

Ọmọ wo nínú ilé Nàgó wo ni ìyá rẹ̀ yóò gbé omi hàntú fún, tí yóò béèrè pé lára wàláà ta ni ẹ ti fọ̀ ọ́? A kọ́ wa láti kúnlẹ̀, a kọ́ wa láti fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, a kọ́ wa láti mu ún tán. A kò kọ́ wa láti béèrè.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí yóò lọ sí Kútọnu, ìyá gbé ife náà wọlé.

Kafilath ti wọ aṣọ tán. Kò kúnlẹ̀. Lórí ẹní, níwájú rẹ̀, nǹkan méjì wà: àdó tí ó ti hú lẹ́bàá kànga, tí ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, àti wàláà kan tí a tú aṣọ funfun kúrò lára rẹ̀. Igi lásán ni. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀ mọ́.

Ìyá wo àdó, ó wo wàláà, ó ṣì di ife náà mú.

“Èmi ni mo ri àdó yìí, Màmá. Mo rò pé ohùn ọ̀tá ni mò ń gbà. Ohùn yín ni mo gbà. Ẹ̀yin náà, ohùn ta ni ẹ rò pé ẹ ń gbà?”

Ìyá jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí eegun rẹ̀ yọ. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, Kafilath ní láti tẹ̀ síwájú kí ó tó gbọ́ ọ.

“Yasmina mọ ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n bi í, ó dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú un lọ.” Ó mí. “Ìwọ nìkan ni ó kù. N kò fẹ́ ibi fún ọ. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n má fẹ́ ọ ni.”

Inú bí Kafilath, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́, kò sì mọ èyí tí ó kọ́kọ́ dé. Ìgbà mẹ́ta ni ó ti jókòó níwájú àwọn àjèjì tí ó rò pé wọn kò rí òun bí ènìyàn. Ìyá tirẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀ wọ́n láti ilé pé kí wọ́n má rí i.

“Kì í ṣe ẹnu Yasmina ni ó pa á,” ni ó wí. “Àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni wọ́n pa á. Ó ṣàìsàn, ó sì pariwo, Màmá. Ó pariwo ní Nàgó, ó pariwo ní Faransé. Kò sí ẹnìkan nínú ilé náà tí ó lè sọ fún dókítà pé ọmọ yìí ní ikùn ni ó ń dun òun. Àìrí ẹni tí yóò gbọ́ ọ ni ó pa á. Iṣẹ́ tí mò ń lọ wá nìyí. Ẹ sì mú ìdákẹ́ tí ó fi kú, ẹ fún mi mu.”

Ìyá fi ọwọ́ kan bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì sí ìró kankan. Ẹkún náà kò ní ohùn tí yóò bá jáde.

Kafilath gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e jáde, ó da omi dúdú náà sí ìdí igi mángòrò, ó dúró títí ilẹ̀ fi mu ún tán. Ó dárúkọ Yasmina lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó padà wọlé ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàkíyèsí pé láti ìgbà tí ó ti ń sọ̀rọ̀, ojú ìyá rẹ̀ ni òun ń wò, orúnkún òun kò sì gbọ̀n.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọlọ́kadà sémìjáàn tí yóò gbé e lọ sí ibùdókọ̀ fun fèrè. Ó tún un fun. “Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀gbọ́n! Kútọnu kì í ṣe ẹ̀yìn ilé!”

“Mo ń bọ̀,” ni Kafilath ké sí i. Lẹ́yìn náà ni ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, kì í ṣe láti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ọwọ́ ìyá kúrò lójú.

“Mo ti fọ́ àdó náà, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá èyí tí ó ti bá omi lọ yóò padà. N kò mọ̀ bóyá tèmi náà yóò dúró tì mí níwájú àwọn ènìyàn yẹn. Ohùn tí ó ṣẹ́ kù lọ́fun yín kò pọ̀, Ìyá mi, ẹ má fi sunkún, ẹ má fi bẹ̀ mí. Yasmina kọ́ ni mo fẹ́ gba ìdágbére lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin ni. Ẹ má kọjú sí ògiri. Ẹ wò mí lójú, ẹ pe orúkọ mi, kí ẹ sì wí fún mi pé ó dàbọ̀.”